Àjẹ̀ Ikúòmọlá

"Adùnbárìn ọmọ Àjàgbé!"

Ajíkí, ẹ̀rọ tí ìjọba fi ń ka orúkọ wa láràárọ̀, ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, mo ṣì ń fọwọ́ wá ìró mi lórí ẹní, àmọ́ irin kì í bi èèyàn bóyá ó ti múra.

"Mo jí o! Mo ti jí!" Mo so ìró mọ́ àyà, mo sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó lè rí mi. "Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé o sùn dáadáa?"

Kò fún mi lésì rí. Ó kàn yí ojú pupa rẹ̀ sí mi láti àárín omi lọ́hùn-ún, níbi tí ọjà ẹja wa wà nígbà kan, ó wò mí títí ó fi rí i pé ara mi lọ́ wọ́ọ́rọ́, pé mò ń mí. Ìgbà náà ló tó pe orúkọ kejì.

"Ikúòmọlá ọmọ Mẹ́búdé!"

"Ó wà lójú omi."

Ojú pupa di àwọ̀ ewé. "Ìdí-Ẹ̀gbà ṣì jẹ́ ìlú," ni Ajíkí wí, ó sì panu mọ́ di ọjọ́ kejì.

Ká ní ẹ mọ ibí nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé! Ìpè òwúrọ̀ a máa pẹ́ débi pé ẹ̀kọ gbígbóná á ti di sínú abọ́. Àwọn ọmọdé a máa sín ohùn rẹ̀ jẹ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan dé èkejì. Bàbá Orímisàn, olórí wa, á mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ títí ẹ̀rọ á fi pè é lápètúnpè, á wá yọ orí síta, á ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń pe àgbàlagbà nílé yín nìyẹn? O ò lè kọ́kọ́ kí mi?" Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà á máa ta lórí omi láti ilé dé ilé.

Ó ti tán. Bàbá Orímisàn ti kú. Àwọn tó kù ti gba yàrá ní Àgọ́ Òkè, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹni tó bá sì ti gba yàrá níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ti kúrò lójú omi nìyẹn. Kò gbọ́dọ̀ padà wá gbé ibí mọ́ àfi tí ìjọba bá kéde pé omi ti yè. N kò bá wọn jà. Ta ló fẹ́ máa fa òórùn epo símú tọ̀sán-tòru, kí ọmọ rẹ̀ máa wúkọ́ bí àgbà? Èmi nìkan ló lágídí.

Èmi àti Ikúòmọlá, ni kí n wí. Nítorí òfin ní ẹnìkan ṣoṣo kì í jẹ́ ìlú. Àwọn tó ṣòfin ò tiẹ̀ purọ́ níbẹ̀ yẹn, àwa náà la máa ń sọ ọ́ pé ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ẹni méjì ló kéré jù. Bó bá ku ẹnìkan, omi ti di òkú omi. Wọn á wá kó àwọn akèrègbè lọ, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ róbọ́ọ̀tì tó ń léfòó kiri abẹ́ ilé wa, tí wọ́n ń fa epo mu díẹ̀díẹ̀. Wọn á da yanrìn dí omi náà. Àwọn elépo tó bà á jẹ́ á sì wá kọ́ àgbá ńlá wọn lé ibi tí wọ́n bí mi sí.

Ikúòmọlá, ọkọ mi, wọ ọkọ̀ lọ ní àárọ̀ ọjọ́ tí páìpù abẹ́ òkun bẹ́. Epo bo omi mọ́lẹ̀, iná sì ran epo. Kò padà dé. A wá a títí, a ò rí ọkọ̀, a ò rí òun. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í pe ẹni tó lọ sójú omi ní òkú, àfi tí àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀ bá wálé. Àjẹ̀ ló ń mú ìròyìn wá. Tó bá dé, aya á gbà á lẹ́nu ọ̀nà, á fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, á tẹ́ ẹ sórí ẹní ọkọ rẹ̀, á sunkún rẹ̀ kó tán, wọn á wá sin ín bí wọ́n ṣe ń sin èèyàn. Ẹni náà ti sinmi nìyẹn. Bí kò bá tíì dé, tí ẹnikẹ́ni bá béèrè rẹ̀, èsì kan náà ló wà: ó wà lójú omi.

Nígbà tí àwọn aṣòfin wá bi Bàbá Orímisàn pé báwo la ṣe ń mọ̀ pé èèyàn ti kú níbí, bó ṣe rí ló ṣe wí fún wọn. "Tí àjẹ̀ rẹ̀ bá dé." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi í sínú òfin, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi kọ́ Ajíkí. Bóyá wọ́n rò pé àjẹ̀ kì í pẹ́ lọ́nà ni.

Ọmọ wa, Ọmọ́yẹni, ti bímọ l'Àgọ́ Òkè. Ọkùnrin ni. Wọ́n ní iwájú orí Ikúòmọlá ló gbé wá, pé tó bá ń sùn, á ká ọwọ́ òsì sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bíi tirẹ̀ gẹ́lẹ́. Gbogbo ẹni tó rí i ló ń pariwo Babátúndé. Ṣùgbọ́n bàbá tó ṣì wà lójú omi, báwo ló ṣe fẹ́ tún dé? Nítorí náà wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ń pè é ní Ọkọ mi, wọ́n ń pè é ní Bọ̀dá, ọmọ náà ti ń jókòó báyìí. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi, Ọmọ́yẹni á pè mí lórí fóònù, á bi mí pé, "Ìyá, àjẹ̀ ti dé?" Inú Ajíkí ni ìpè náà ń gbà kọjá, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó gba inú rẹ̀ kọjá tí kò gbọ́.

Lọ́sẹ̀ tí mò ń sọ yìí ni mo rí akàn àkọ́kọ́ láti ìgbà tí epo ti bo omi.

Mo sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹrẹ̀ láti wo àwọn ọmọ igi ẹ̀gbà tí mo gbìn sábẹ́ ilé, mo bá rí ihò kékeré kan, mo rí ẹsẹ̀ pupa tó yọ níbẹ̀. Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe wàhálà. Akàn ni! Ó jáde tán, ó nà ró, mo rí ẹyin tó lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́ ikùn. Inú mi dùn débi pé mo ké tòò, "Ẹ wá wò ó o! Ẹ sáré wá wò ó!" kí n tó rántí pé kò sẹ́ni tí mò ń pè. Ohùn mi lọ, ó kan àwọn ilé tó ṣófo, ó padà wá bá mi. Mo jókòó sórí àkàsọ̀, mo sunkún díẹ̀. Akàn náà kò tiẹ̀ sá.

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá kékeré láti Ilé-Iṣẹ́ Ojú-Omi dé. Fọlárànmí lorúkọ rẹ̀. Òun ló máa ń wá wò mí, òun náà sì nìkan ló máa ń yọ ìbomú rẹ̀ kó tó kí mi. Ìyá tiẹ̀ náà, ọmọ etí omi ni.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá."

"Ẹ̀ẹ́n-ẹ́n! Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ewu omi. Ṣé dáadáa ni wọ́n wà nílé? Ìyàwó ńkọ́? Ẹ máa gòkè bọ̀. Mo ní gàrí, mo ní ẹja gbígbẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti òkè, ẹja orí ilẹ̀, kò dùn, àmọ́ ẹ ó jẹ ẹ́. Ẹ ò gbọ́, mo ti fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín láti ọjọ́ yìí..." Mo ti ń rojọ́ kó tó so ọkọ̀ rẹ̀ tán. Ẹni tí kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Ó sábà máa ń rẹ́rìn-ín sí mi. Lọ́jọ́ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gòkè wá pẹ̀lú ẹrù gígùn kan tó fi aṣọ funfun wé. Ẹlẹ́rìí wà láyà rẹ̀, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí gbogbo àwọn ọmọ ilé-iṣẹ́ wọn máa ń so mọ́ra, tó ń gbọ́ tó sì ń rí gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́.

"Ìyá, akèrègbè kan ló fà á yọ nínú ẹrẹ̀ lápá ẹnu òkun," ó wí. "Wọ́n ní ká fi ẹ̀rọ gbé e ránṣẹ́. Mo ní rárá, màá mú un wá fúnra mi. Mo ti nù ún."

Ó tú aṣọ náà.

Iná ti jó ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ dúdú. Àmọ́ ibi tí ọwọ́ ń dì mú ṣì dán, àmì náà sì wà níbẹ̀: ẹja méjì tó kọjú síra, ọ̀kan lójú, èkejì kò lójú. Èmi ni mo fi irin gbígbóná ya wọ́n. Bí ìyàwó bá wọlé ní Ìdí-Ẹ̀gbà, òun ló ń fi àmì ilé sára àjẹ̀ ọkọ rẹ̀, á sì ya irú rẹ̀ sára òpó ilẹ̀kùn, kí àjẹ̀ lè mọ ilé tó ń bọ̀. Àwọn àbúrò ọkọ mi ló pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà tí ọwọ́ mi fi yẹ̀, tí ẹja kejì ò fi lójú. Ikúòmọlá ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹja tó fẹ́ni kò nílò ojú.

Ọkọ mi ti dé.

Mo ti múra sílẹ̀ dè é. Aṣọ tẹ̀ẹ́rù funfun wà nínú àpótí mi, ọṣẹ wà níbẹ̀ tí n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ gbé mi lọ síwájú, apá mi méjèèjì ti là láti gbà á. Mo ti fẹ́ bú sẹ́kún. Mo bá rí ojú dúdú Ẹlẹ́rìí láyà ọmọ náà, tó ń wò mí.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Dípò kí n lọ síwájú, ẹ̀yìn ni mo lọ. Mo fẹ̀yìn ti òpó ilẹ̀kùn mi, èjìká mi bo ẹja méjèèjì tó wà níbẹ̀.

"Bí mo bá ní mo mọ̀ ọ́n ńkọ́?" mo bi í.

"Àjẹ̀ ti dé nìyẹn, mà. Màá bá yín kẹ́dùn. Lọ́la, Ajíkí ò ní pe orúkọ Bàbá mọ́."

"Á wá ku èmi nìkan."

"Wọ́n á fún yín ní yàrá tó dáa l'Àgọ́ Òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọmọ́yẹni. Ìyá, ẹ ó rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Ẹ ó gbé ọmọ ọmọ yín pọ̀n." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́, Ọlọ́run ló mọ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú débi tó ń dùn mí.

"Akàn kan wà lábẹ́ ilé mi," mo wí. "Ó gbé ẹyin."

Ojú rẹ̀ là. "Lóòótọ́? Ìyá, lóòótọ́?" Lẹ́yìn náà ló wo àyà ara rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Òfin ò mọ ẹyin, mà. Ọmọ akàn tó ń rìn lórí ẹrẹ̀ ni òfin mọ̀. Bí Ajíkí bá rí i, omi ti yè nìyẹn, gbogbo ìlú lè padà sílé."

"Ìgbà wo ni ẹyin akàn máa ń pa?"

"Ìyá mi a máa ní, kí òṣùpá tuntun tó lé ni."

Òṣùpá tuntun. Kò ju kéèyàn di èémí mú díẹ̀ sí i lọ.

Fọlárànmí tún ara rẹ̀ tò, ó dúró bí ẹni tó fẹ́ kàwé níwájú àwọn èèyàn. "Adùnbárìn ọmọ Àjàgbé, ṣé àjẹ̀ ọkọ yín nìyí?"

"N kò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ wò ó dáadáa, mà. Ẹja méjì ló wà lára rẹ̀. Ọ̀kan ò lójú."

"Mo ti wò ó. Gbogbo etí omi ló ń ya ẹja sára nǹkan. Ọwọ́ ẹni tó ya èyí gan-an ò dáa."

Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ló wo ẹ̀gbẹ́ èjìká mi, níbi tí ìrù ẹja kan ti yọ díẹ̀ lára òpó. Ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Mo rí i pé ó rí i. Ọmọ náà rọra yí ara rẹ̀ padà títí Ẹlẹ́rìí fi kọjú sí omi.

"Tí kò bá sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ẹ mọ ohun tí òfin ní ká ṣe. Igi tó bá ti mu epo, tí kò lẹ́ni tó ni ín, Ọlọ ló ń lọ̀ ọ́."

Mo gbàgbé. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbàgbé pátápátá! Ọkàn mi ti sọ fún mi pé wọ́n á gbé e pamọ́ síbì kan ní ilé-iṣẹ́ wọn, pé bí omi bá yè tán màá lọ bẹ̀ wọ́n, màá gbé ọkọ mi wálé, a ó sin ín. N kò rántí Ọlọ, ẹnu irin tó wà nídìí ọkọ̀ wọn, tí wọ́n fi ń lọ ìdọ̀tí.

"Ẹ ò lè bá mi... Ẹ ò lè tọ́jú ẹ̀ síbì kan?"

"Ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n, mà." Omi ti wà lójú rẹ̀.

Bí mo bá sọ òótọ́, ọkọ mi á rí ibi sùn, ọmọ ọmọ mi á lórúkọ, èmi náà á kúrò nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ yìí. Akàn á kú sábẹ́ yanrìn. Bí mo bá purọ́ mọ́ ọn, gbogbo wọn lè padà wálé, àmọ́ kí ni n ó gbé fún wọn sin? Mo fi ọwọ́ sẹ́yìn, mo wá ẹja tó wà lára òpó, ìka mi bọ́ sójú rẹ̀.

"Ẹ lọ̀ ọ́," mo wí.

Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí iná ti jó ló kọ́kọ́ fi sẹ́nu Ọlọ. Ariwo náà kò pẹ́. N kò mọ̀ pé irú ohun tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́kàn ẹni lè tán kíákíá báyẹn. N kò gbọ́dọ̀ sunkún, nítorí ẹkún náà ẹ̀rí ni. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo láti òkè pé, "Ẹ ò ní mu gàrí ni? Ẹ wá mu gàrí kẹ́ ẹ tó lọ! Oòrùn ti ń mú!" Mo ń pariwo bẹ́ẹ̀ títí Ọlọ fi dákẹ́.

Ó padà gòkè wá dágbére. Mo fẹ́ ṣí kúrò lára òpó láti sìn ín dé àkàsọ̀, bó ṣe tọ́ kí onílé ṣe.

"Ẹ má wulẹ̀ sìn mí, mà," ó sáré wí. "Ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà yẹn."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí pákó tí epo ti rin, pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀. Bí wọ́n ṣe ń kí opó ló ṣe kí mi. Nígbà tó dìde, àyà aṣọ rẹ̀ ti dúdú, Ẹlẹ́rìí náà ti dọ̀tí. Ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sórí ẹrẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú igi àjẹ̀ náà díẹ̀ ti bọ́ sórí omi, ó ń léfòó. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bù ú, akèrègbè kan ti débẹ̀ ṣáájú mi, ó ń fà á mu pẹ̀lú epo, kò mọ ìyàtọ̀. "Ẹranko!" mo bú u. "Olójúkòkòrò!" Mo fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú, ó yí po, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo fi gòkè padà, ojú omi ti mọ́ níbẹ̀. Mo fi ẹní kan kọ́ sára òpó ilẹ̀kùn, mo jókòó sábẹ́ rẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Fóònù dún.

"Ìyá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, ọmọ mi. Bọ̀dá ńkọ́?"

"Òun ló ń fa fóònù lọ́wọ́ mi yìí. Ẹ gbọ́ ọ." Mo gbọ́ ọ. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fẹnu pe nǹkan kan tí kò tíì dọ̀rọ̀. Ọmọ́yẹni gbà á padà, ohùn rẹ̀ yí. "Ìyá, mo lá àlá Bàbá mi lánàá. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà yín, ara wọn tutù, wọ́n ní ó ti rẹ àwọn. Mo ti ń rò ó látàárọ̀. Ìyá, ṣé àjẹ̀ ti dé?"

Lórí omi lọ́hùn-ún, Ajíkí yí ojú pupa rẹ̀ síhà mi.

"Rárá o," mo wí. "Kò tíì dé. Bàbá ẹ ṣì wà lójú omi."

Ọmọ náà ṣì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn Ọmọ́yẹni.

"Kò burú, Ìyá," ó wí. "Tó bá dé, ẹ bá wa gbà á dáadáa."